Ta ló ń san owó ẹ̀kọ́ ọmọ wa?

Ẹ̀yin ará wa, bí ọmọ bá gba bákì ní Ṣábẹ̀ẹ́, ijó la kọ́kọ́ ń jó. Lẹ́yìn ijó ni ìbéèrè dé. Ọmọ ní òun fẹ́ kọ́ sosiolójì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀. Ṣé yunifásítì ìjọba ni kó lọ ni, àbí ti aládàáni?

Ẹ jẹ́ ká ka owó. Ní yunifásítì ìjọba, ní Abomey-Calavi tàbí Parakou, owó ìforúkọsílẹ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí kò tó 50.000 sẹ́fà lọ́dún. Lọ́dọ̀ aládàáni ní Kútọnu, ọ̀pọ̀ ń gba 300.000, àwọn míì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta ni lísáńsì. Ẹ fi 300.000 sí ọ̀nà mẹ́ta, 900.000 ni. Owó ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀, ibi méjèèjì la sì ti ń san ìyẹn.

Ta ló ń san ìyókù ní ti ìjọba? Ìyá tó ń ta gàrí, tí kò dé ilé ẹ̀kọ́ rí, ra aṣọ, ó ra ọṣẹ. Owó dúwánì ti wà nínú iye tó san. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó oṣù olùkọ́ ní yunifásítì. Ẹnikẹ́ni kò bi ìyá yìí bóyá ó fẹ́. Nítorí náà, ọmọ tó kàwé níbẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè, kódà bí kò bá mọ̀ ọ́n rí.

Èmi kò bú ilé ẹ̀kọ́ aládàáni o. Ní 1989, ìyanṣẹ́lódì pọ̀ débi pé ọdún ẹ̀kọ́ náà ṣòfò ní Bẹ̀nẹ̀. Ọdún kan tó sọnù nínú ayé ọmọ, owó ni òun náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tú owó, ẹ bèèrè bóyá ìjọba mọ ìwé ẹ̀rí ibẹ̀. Ní ìparí 2023, oníròyìn Nàìjíríà kan, Umar Audu, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù Kíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Ìyà náà kan àwọn tó jókòó kàwé lóòótọ́.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. A máa ń sọ pé ní ti aládàáni, bàbá ló san. Ṣé bàbá nìkan ni? Bó bá ta oko kajú, àwọn àbúrò ni ì bá jogún rẹ̀. Owó tí ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ fẹ́ fi gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n tó bá là á gbé àwọn yòókù dìde. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlérí tí a ṣe lórí oko ẹni tí kò sí níjòókòó, èmi kò rò pé ó tọ́.

Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá wà nínú ilé yín, ẹ pe àbúrò tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ náà. Ẹ ka 900.000 yẹn sí i létí. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kí bàbá tó sọ̀rọ̀.