Ẹ Má Ṣe Pa Tamari Lẹ́nu Mọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín sí 2 Samuẹli 13.

Amnoni ṣe bí aláìsàn, ó ní kí Tamari wá se oúnjẹ fún òun. Iṣẹ́ rere ni a rán ọmọ náà. Inú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni a ti bà á jẹ́. Nígbà tí ó sunkún jáde, Absalomu ní kí ó dákẹ́. Dafidi bàbá rẹ̀ bínú, ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìdákẹ́ yìí di ìpànìyàn.

Ṣé Tamari kò sí ní Ṣómólú àti Bàrígà? Ó ń kiri omi kọjá níwájú àwọn ilé ìtẹ̀wé. Ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó ń gbé ilé tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn. Bí ibi bá ṣẹlẹ̀, ohun tí a ń gbọ́ ni pé: “Òun náà ló gbà. Ẹ wo bí ó ti ga tó.” Ẹ̀yin ìyá, ọmọ ọdún 14 tí a kò lè jẹ́ kí ó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, báwo ni a ṣe fẹ́ kí ó fọwọ́ sí èyí? Ọmọ tí ó ń bẹ̀rù ọ̀gá, tí ó sì ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, ìdákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́.

Nínú òfin àtijọ́, ẹni tí ó bá bá ọmọbìnrin tí ó ti pé ọdún 13, tí kò tí ì pé 16, lò pọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni. Bí oṣù 2 bá sì ti kọjá, ẹjọ́ ti kú. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, ní ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò tí ì pé ọdún 18, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Òfin ti 2003 ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Kò gba àwáwí pé ọmọ náà gbà, tàbí pé ó dàbí àgbà lójú òun. Ẹ rí i pé òfin gbé ẹrù náà kúrò lórí ọmọ, ó gbé e lé àgbàlagbà lórí.

Nítorí náà, bí ọmọ bá fẹjọ́ sùn, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sí Mirabel Centre ní LASUTH, Ìkẹjà, kí wákàtí 72 tó kọjá, nítorí oògùn tí ń dènà kòkòrò àrùn éèdì. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Bí àwọn ẹbí bá gbé owó wá láti bẹ̀bẹ̀, ẹ rántí Absalomu.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí á dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí á sọ̀rọ̀. Àmín.