Màláíkà Òsì àti Aago Fáìlì

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Zongo, níbí ní Parakú, ní kí n bá òun tẹ ìwé ogún ọkọ òun. Ọjọ́ kejì ló padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ojú rẹ̀ kò fararọ. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé àbúrò ọkọ mi ò tíì wá ka ìwé yẹn báyìí? Bi ẹ̀rọ rẹ léèrè. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Lóòótọ́ kì í purọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo ohun tó rí. Lórí Linux tí kọ̀ǹpútà mi ń lò, fáìlì ní mtime, ìgbà tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà kẹ́yìn, ó sì ní atime, ìgbà tí wọ́n kà á kẹ́yìn. Atime yìí ni oníwàhálà. Bí ẹ̀rọ bá ní kí òun máa kọ gbogbo kíkà sílẹ̀, kíkà náà ti di kíkọ nìyẹn, díísìkì kò ní sinmi. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láti 2009 ni Linux ti ń lo relatime: kíkà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àyípadà, yóò kọ ọ́, èyí tó bá tẹ̀ lé e, ó di ìgbà tí wákàtí 24 bá kọjá. Èmi fúnra mi ṣí ìwé ìyá láàárọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bí àbúrò ọkọ bá yọ́ wọlé lọ́sàn-án, ti àárọ̀ ni atime yóò ṣì máa wí.

Ìyá ní, "Ṣé ó wá kà á ni àbí kò kà á?"

Mo ní ẹ̀rọ ò lè sọ ìyẹn. Òǹkọ̀wé mìíràn ló wá sí mi lọ́kàn. Àwa tí a jọ ń kírun ní Zongo, Hausa, Dendi, Yorùbá, a gbà pé màláíkà òǹkọ̀wé méjì ń bá ènìyàn rìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó wà nínú Àlùkùránì, Súúrà Káàfù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi a máa ní kọ̀ǹpútà tí kì í gbàgbé ni Ọlọ́hun. N kò gbà. Nínú hádíìsì kan tí Tabarani kó jọ, bí Mùsùlùmí bá dẹ́ṣẹ̀, màláíkà òsì á gbé kálàmù dúró fún wákàtí mẹ́fà. Bó bá tọrọ àforíjì, kò ní kọ ọ́ mọ́. Kọ̀ǹpútà tó pé pérépéré ì bá ti kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Linux náà mọ ìdádúró. Lazytime, tó dé ní 2015, a máa tọ́jú àkókò sínú mẹ́mórì, kò ní gbé e lọ sí díísìkì títí iṣẹ́ mìíràn yóò fi gbé e débẹ̀, tàbí kí wákàtí 24 pé. Bí iná bá lọ kí ó tó kọ ọ́ (ní Parakú, iná a máa lọ), àkókò náà ṣègbé, kò sì sẹ́ni tí yóò wá a. Ṣùgbọ́n díísìkì ni ẹ̀rọ ń ṣàánú, kì í ṣe ẹni tó kàwé. Ẹni tó dá kálàmù dúró lósì ti rí ohun tí a ṣe, ó mọ orúkọ wa, àwa ló sì ń dúró dè.

Mo bi àfáà mi léèrè: ẹni tó kú ní wákàtí kejì ńkọ́, kò tíì tọrọ àforíjì, wọn ò sì tíì kọ ọ́? Ó wò mí títí. Ó ní kí n lọ máa tẹ ìwé mi.