Ẹ̀rọ Inú Àyà àti Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun

Bàbá oníṣòwò kan, ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní Marcory ní ìlú Abidjan, lè ní pacemaker lábẹ́ awọ àyà rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí ń mú kí ọkàn tó ń lọ́ra lù déédéé. Bí ojú ibẹ̀ bá wú, tí ọyún ń jáde, dókítà yóò ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà tòun ti wáyà tó wọnú ọkàn lọ. Bí bàbá bá kọ̀, tó ní òun ti fi í lé Ọlọ́hun lọ́wọ́, ṣé tawakkul nìyẹn?

Imam Al-Ghazali, tó kú ní 1111, pín ohun tí ń mú ìnira kúrò sí mẹ́ta nínú Ihya. Èyí tó dájú wà, bí omi fún òùngbẹ. Èyí tí a rò pé yóò ṣiṣẹ́ wà, bí fífi ìwo fa ẹ̀jẹ̀. Èyí tó jẹ́ àbá lásán sì wà. Ó ní ẹni tó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ nígbà tí ikú ń bọ̀ kò ṣe tawakkul, harámù ló ṣe. Ìpele kejì ni ọ̀pọ̀ onímímọ̀ fi oògùn sí, nítorí náà ni wọn kò ṣe sọ ọ́ di ọ̀ranyàn. Oògùn ìgbà ayé wọn ni wọ́n ń wò.

Kòkòrò àrùn tó bá lẹ̀ mọ́ irin àti wáyà ṣòro fún oògùn láti pa. Bí wọ́n bá fọ ojú egbò nìkan, àrùn náà sábà máa ń padà, ó sì lè gba ara wáyà dé inú ọkàn. Yíyọ ọ́ náà léwu: wáyà tó ti pẹ́ máa ń so mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan sì lè ya. Síbẹ̀, ewu fífi í sílẹ̀ ló pọ̀ jù. Ní Jeddah ní 1992, Àjọ Àgbáyé fún Ìmọ̀ Fiqhu ṣe ìdájọ́ pé ìtọ́jú di ọ̀ranyàn bí àìṣe rẹ̀ yóò bá fa ikú.

Àmọ́ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àìlówó ni bàbá ń pè ní tawakkul. Ilé ìwòsàn àrùn ọkàn ti Abidjan kò jìnnà, Treichville tó bá Marcory pààlà ló wà. Owó iṣẹ́ abẹ àti ti ẹ̀rọ tuntun ló jìnnà. Ẹni tí kò ní kò jẹ̀bi. Ọ̀ranyàn náà kò parẹ́ ṣá o. Ó ti bọ́ sí ọrùn ẹbí, lẹ́yìn náà jámáà, tí sàká wà lọ́wọ́ wọn fún aláìní. Àáfà tó bá fẹ́ bá bàbá sọ̀rọ̀ tawakkul, kó kọ́kọ́ béèrè iye tí ilé ìwòsàn ní kó mú wá.