Òkúta Inú Odò

Ẹ kà: Jóṣúà 4:1-9



Ní òpin oṣù tó kọjá, bàbá kan nínú ìjọ wa gbé páálí kan wá bá mi nílé. Wọ́n ń kó kúrò nínú ilé wọn àtijọ́ níhìn-ín ní College Park, wọ́n sì rí i lábẹ́ ẹrù nínú gáréèjì. Ìjókòó ẹ̀yìn ni bàbá yìí máa ń wà, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. N kò mọ̀ pé gìtá ni wọ́n fi jẹun nígbà kan rí ní Ìbàdàn. Mo bá fọ́tò ẹgbẹ́ olórin wọn nínú páálí náà, gbogbo wọn nínú àǹkárá kan náà, ìgò ọtí lórí tábìlì níwájú wọn. Kásẹ́ẹ̀tì 3 tí téèpù rẹ̀ ti ta kókó. Àti okùn gìtá kan tó ti dípẹtà.

"Nọ́ọ̀sì," ni wọ́n wí, "bá mi da nǹkan wọ̀nyí nù. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i. Mo ti di àtúnbí." Bàbá gbà mí láyè láti kọ ọ́ síbí, bí n kò bá ti dárúkọ wọn.

Mo gba páálí náà, ṣùgbọ́n n kò dà á nù.

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ré Jọ́dánì kọjá, Olúwa ní kí ọkùnrin 12 gbé òkúta 12. Láti èwe ni mo ti ń ka ibẹ̀, tí n kò kíyè sí ibi tí wọ́n ti gbé e. Kì í ṣe orí ilẹ̀ Kénáánì. Àárín odò ni, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn àlùfáà dúró sí, òkúta tí ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Gílígálì kí àwọn ọmọ lè béèrè ohun tí ó jẹ́. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Georgia, kí ni wọn yóò rí béèrè bí a bá da gbogbo òkúta nù?

Kò jìnnà sí wa, ní Villa Rica lójú ọ̀nà I-20, ni wọ́n bí Thomas Dorsey sí ní 1899. Ọmọ oníwàásù ni, ṣùgbọ́n orin blues ni ó fi lókìkí. "Georgia Tom" ni wọ́n ń pè é, ó sì ń tẹ dùùrù fún Ma Rainey ní àwọn ọdún 1920. Orin tí ìyá mi ì bá torí rẹ̀ pa rédíò ni! Ní August 1932, ó lọ sí ìpàdé ìsọjí ní St. Louis, ibẹ̀ ni wáyà ti bá a pé Nettie aya rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi tẹ̀ lé e. (Mo ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.) Nínú ọ̀fọ̀ yẹn ni ó jókòó ti dùùrù, tí "Take My Hand, Precious Lord" fi jáde. Ṣé Ọlọ́run fún un ní ọwọ́ mìíràn ni? Ìka tó tẹ blues náà ni. Àwọn pásítọ̀ kan tilẹ̀ lé e jáde nítorí pé wọ́n gbọ́ ilé ọtí nínú orin rẹ̀. Òun kò tijú iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, títí ó fi kú ní 1993.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ka 2 Kọ́ríńtì 5:17 sí mi létí. Mo gbà á. Bí ìgò inú fọ́tò bá ṣì ń pe ẹnì kan, kí ó dáná sun ún, kí ó má bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni ó ń lé bàbá wa yìí, kì í ṣe ìdánwò. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ohun tó ti ṣe aláìsàn rí ni a kọ́kọ́ ń bi í. Ẹni tó bá fi àpá rẹ̀ pamọ́ fún wa, a lè fún un ní oògùn tí yóò pa á.

Ohun tí mo sọ fún bàbá nìyí. Wọn kò dá mi lóhùn. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n wá gbé páálí wọn. Ọmọ-ọmọ wọn ọkùnrin, èyí tó ń kọ́ gìtá lọ́dọ̀ àwọn akọrin wa, ni ó bá wọn gbé e sínú mọ́tò. Ó rí fọ́tò náà lókè.

"Bàbá àgbà, ta nìyí?"

Bàbá wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Èmi ni," ni wọ́n wí. Wọ́n wá fi ìka tọ́ka sí àwọn yòókù, wọ́n ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.