Ẹni tí Ó Gba Epo Sílẹ̀ Lájà

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí kò mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ohun tí a ti mọ̀ láti kékeré ni a kì í sábà yẹ̀ wò. Mo fẹ́ kí a mú un jáde kúrò lábẹ́ àjà lónìí, kí a gbé e lọ sí ojú òfurufú, níbi tí àwọn ọmọ ogun kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa gbé epo fún ọkọ̀ òfurufú mìíràn lọ. Àwọn kì í yìnbọn, wọn kì í sì í ju bọ́ǹbù. Ìbéèrè mi ni èyí: bí ọkọ̀ tí ó gba epo lọ́wọ́ wọn bá lọ ju bọ́ǹbù, tí ènìyàn sì kú, ǹjẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó fún un ní epo mọ́?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Ọkọ̀ òfurufú kò lè gbé ju ìwọ̀n ẹrù kan lọ. Bí ó bá gbé bọ́ǹbù púpọ̀, epo rẹ̀ yóò dín kù, kò sì ní lè rìn jìnnà. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ronú pé ó yẹ kí epo lè bá ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Ní 27 June, 1923, ní San Diego ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan na rọ́bà gígùn sí òmíràn lójú òfurufú, epo sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ní 1948 Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju èyí lọ, ẹgbẹ́ 43 àti ẹgbẹ́ 509. Nínú ọkọ̀ agbépo KC-135, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ọkùnrin tàbí obìnrin kan a dọ̀bálẹ̀ ní ìdí ọkọ̀, a máa wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé, a sì máa fi ọwọ́ darí ọ̀pá epo títí yóò fi wọ ẹnu ihò epo ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ kíyè sí i: nínú òwe wa, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni olùrànlọ́wọ́, ní òfurufú, ẹni tí ó wà lókè ni. Ṣùgbọ́n epo náà ni ó so wọ́n pọ̀.

Ohun tí ó hàn sí mi nínú ìtàn àwọn agbépo wọ̀nyí ni pé ayé kì í rí wọn. Ní 26 February, 1949, ọkọ̀ ológun kan tí à ń pè ní Lucky Lady II gbéra ní Fort Worth ní Texas, ó yí gbogbo ayé ká láìbalẹ̀, ó sì padà dé ibi tí ó ti gbéra ní 2 March, lẹ́yìn wákàtí 94 àti ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn agbépo pàdé rẹ̀ lọ́nà: ní Azores, ní Saudi Arabia, ní Philippines àti ní Hawaii. Àwọn ọkùnrin 14 tí ó wà nínú Lucky Lady gba àmì ẹ̀yẹ, wọ́n sì di olókìkí. Ṣùgbọ́n ní Philippines, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ agbépo já lulẹ̀ nígbà tí ó fún un ní epo tán tí ó ń padà lọ. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí ó yè. Mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ nípa wọn rí?

Èyí tí ó tún ṣe kedere jù ni ti ogun Falkland. Ní April 1982 Argentina gba àwọn erékùṣù náà lọ́wọ́ Bìrìtéènì. Ní òru 30 April mọ́jú 1 May, Bìrìtéènì rán ọkọ̀ Vulcan kan láti erékùṣù Ascension pé kí ó lọ ju bọ́ǹbù 21 sí pápá ọkọ̀ òfurufú ní Stanley. Àlọ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 máìlì. Nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí, ọkọ̀ agbépo Victor 11 ni ó gbéra. Àwọn kan ń fún àwọn kan ní epo, kí àwọn wọ̀nyẹn lè fún Vulcan. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé, wọ́n bọ́ sínú ìjì, ọ̀pá tí Victor kan fi ń gba epo sì kán. Bob Tuxford, tí kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó lọ dé òpin, ni ó gba iṣẹ́ náà. Ó bu epo fún Vulcan títí èyí tí ó kù nínú táǹkì tirẹ̀ kò fi lè gbé e padà délé mọ́. Ó bi àwọn mẹ́rin tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ léèrè, gbogbo wọn sì ní kí àwọn máa lọ. Wọn kò tilẹ̀ pe ẹnikẹ́ni fún ìrànlọ́wọ́ títí wọ́n fi gbọ́ pé bọ́ǹbù ti bọ́, kí ohùn wọn má baà tú àṣírí. Victor mìíràn ni ó wá pàdé wọn tí ó fi epo gbà wọ́n là.

Ọ̀kan nínú bọ́ǹbù náà ba ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sá lé lórí jẹ́. Martin Withers tí ó wa Vulcan gba àmì ẹ̀yẹ Distinguished Flying Cross, èyí tí wọ́n ń fún akọni tí ó dojú kọ ọ̀tá. Air Force Cross ni wọ́n fún Tuxford, èyí tí ó wà fún ẹni tí ó ṣe akin lójú òfurufú, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe níwájú ọ̀tá. Gẹ́gẹ́ bí òfin àmì ẹ̀yẹ, nígbà náà, Tuxford kò sí lójú ìjà. Èmi kò gbà. Bí kò bá bu epo tirẹ̀ fún Vulcan, bọ́ǹbù kan kì bá tí dé Stanley. Iṣẹ́ kan ni òun àti Withers jọ ṣe. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, a kò lè dúró síbi ìyìn nìkan. Ọ̀nà tí ìyìn gbà dé ọ̀dọ̀ agbépo ni ẹ̀bi náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀ràn Yemen. Ní March 2015 Saudi Arabia àti àwọn alájọṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ju bọ́ǹbù ní ilẹ̀ náà, àwọn agbépo Amẹ́ríkà sì ń fún ọkọ̀ wọn ní epo lójú òfurufú títí di November 2018. Ní March 2018, nígbà tí aṣòfin àgbà Elizabeth Warren bi Ọ̀gágun Joseph Votel, tí ó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní agbègbè náà, bóyá wọ́n ń tọpasẹ̀ iṣẹ́ tí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fún ní epo ń lọ ṣe, ó dáhùn pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 9 August ọdún kan náà, bọ́ǹbù àwọn alájọṣe náà bọ́ lu bọ́ọ̀sì kan ní ọjà Dahyan, ọmọdé 40 sì kú. Nígbà tí ó di December, ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé òun kò tíì gba owó epo àti owó iṣẹ́ òun tán, ó sì ku èyí tí ó lé ní 300 mílíọ̀nù dọ́là. Ó ṣeé ṣe nígbà náà láti padà sẹ́yìn ka epo, kí a sì ṣírò owó rẹ̀. Ibi tí epo náà gbé bọ́ǹbù dé ni ẹnìkan kò kà.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi. Wọn yóò ní alágbẹ̀dẹ kì í jẹ́jọ́ nítorí pé ẹni tí ó ra àdá lọ́wọ́ rẹ̀ fi ṣá ènìyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ta àdá lọ́jọ́ ọjà fún ẹni tí ó lè fi ro oko. Agbépo kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bá ẹni náà lójú ọ̀nà, nígbà tí bọ́ǹbù ti wà lábẹ́ apá ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fún un ní ohun tí yóò gbé e débẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá ń pọ́n àdá fún ẹni tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè sọ pé òun ń tajà ni.

Àwọn aláṣẹ kan ní Amẹ́ríkà tún sọ pé epo náà ń ṣe àánú, nítorí pé awakọ̀ tí epo rẹ̀ pọ̀ kò ní kánjú ju bọ́ǹbù kí ó tó wò ó dáadáa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ọpẹ́ fún ẹ̀mí tí epo rẹ̀ dá sí ti jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun wà nínú iṣẹ́ náà. Kò lè gba ọpẹ́ ní òwúrọ̀, kí ó ní òun kò sí níbẹ̀ ní alẹ́.

Èmi tí mo ń kọ́ èdè kò lè ṣàìwo ohun tí èdè wa sọ sí i. Ẹni tí ń gba ẹrù olè ni a ń pè ní agbódegbà. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé òde ni ó wà, kò wọlé onílé. Síbẹ̀ a kò tìtorí òde dá a láre. Bí mo bá sì ní Òjó bá Àjàó ro oko, ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ ro ó, ó sì lè jẹ́ pé Òjó nìkan ni ó ro ó fún un. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí, “bá”, kò pààlà sáàárín kí a ṣe nǹkan pẹ̀lú ẹnìkan àti kí a ṣe é fún un. Ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé ẹnìkan mọwọ́-mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn, ìmọ̀ sì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀sùn náà. Nípa èyí, n kò ní di ẹrù kan náà lé gbogbo orí. Ọmọ ogún ọdún tí ó dọ̀bálẹ̀ nídìí ọ̀pá epo kò mọ̀ tó ẹni tí ó rán an. Ẹni tí ó lè bèèrè tí kò bèèrè ni ẹjọ́ rẹ̀ wúwo jù, nítorí pé òun ni ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àìmọ̀ ṣe ilé sá sí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, díẹ̀ nínú wa ni yóò wa ọkọ̀ ogun láyé wa, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ni yóò di akọ̀wé, ògbufọ̀, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, tí a ó máa bá ẹlòmíràn tẹ ìwé, tí a ó máa bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀, tí a ó máa bá a fọwọ́ sí i. Agbépo ni gbogbo wa. Kí a tó bu epo fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a bi í pé: níbo ni ò ń lọ? Bí kò bá sì fẹ́ sọ, a ti gba èsì.