Ta Ni Ẹlẹ́rìí Orin?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń fa àríyànjiyàn láàrin àgbà àti ọ̀dọ́ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pàdé níbi ìnáwó. Bí wọ́n bá ti fi orin ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí i, àgbà a mi orí, a ní, "Orin nì yìí! Orin ọgbọ́n ni. Ariwo ni ti ìsinsìnyí, olówó nìkan ni wọ́n ń kì." Ọ̀dọ́ tí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa a sì dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ẹ tún un gbọ́. Ta ni ọ̀kọrin tiyín náà ń kì? Ṣebí olówó náà ni." Èmi tí mo dàgbà ní abẹ́ òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, tí mo sì ti mọ àwọn orin náà láti kékeré, mo máa ń gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, mo sì rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ orin lọ. Ohun tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni èyí: bí a bá fi owó ra ìyìn, ǹjẹ́ irọ́ ni ìyìn náà dà? Bí kì í bá ṣe irọ́, kí ni ó ń sọ ọ́ di òótọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí àkókò náà ti rí. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ọkàn àwọn ènìyàn sì ń fẹ́ ìtura. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọkọ̀ gbogbo kúrò ní ọwọ́ òsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan. Ní apá ìparí ọdún yẹn kan náà, iye tí wọ́n ń ta epo rọ̀bì fò sókè ní ọjà àgbáyé, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí ya wọ orílẹ̀-èdè wa bí omi òjò. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni Èkìtì wà nígbà náà. Ohun tí ó bá jáde ní Èkó àti Ìbàdàn, redíò àti àwo orin ni ó ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá ní gírámafóònù, ilé rẹ̀ kì í dá ní ọjọ́ Sátidé.

Ní ọdún 1971 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá gbé àwo àpàlà rẹ̀ jáde tí ó pè ní Oroki Social Club. Ní ọdún yẹn náà ni Fẹlá kọ Jẹun Kó Kú, ó sì kọ Lady ní 1972. Ní 1973, Ebenezer Obey kọ orin bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Sunny Adé ń bá a bọ̀ lẹ́yìn, gìtá rẹ̀ ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, Ẹlẹ́mùré Ògúnyẹmí ń fi ẹ̀ka èdè Èkìtì kọrin, inú wa sì ń dùn pé ohùn ìyá wa wọ inú àwo.

Àgbà ní ẹjọ́ nígbà tí ó bá ní orin ọgbọ́n ni. Ẹ wo orin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn. Bàbá gun ẹran, ọmọ ń fi ẹsẹ̀ rìn, ayé ní bàbá burú. Ọmọ gùn ún, bàbá sọ̀kalẹ̀, ayé ní ọmọ kò mọ àgbà. Àwọn méjèèjì gùn ún, ayé ní wọ́n fẹ́ pa ẹran aláìlẹ́nu. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ pátápátá, ayé ní òmùgọ̀ ni wọ́n. Ìtàn yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn Lárúbáwá àti àwọn Òyìnbó kí Obey tó kọ ọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rò ní Ìkẹ́rẹ́ pé àlejò ni ìtàn náà. Títí di òní, bí ẹnì kan bá ń sá sókè sá sódò pé kí gbogbo ayé lè yin òun, orin yẹn ni a fi ń bá a wí. Orin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ó ṣì lè bá ènìyàn wí, a kò lè pè é ní ariwo lásán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ràn inú àwọn orin náà ni ó jẹ́ ọgbọ́n. Nínú Lady, Fẹlá fi obìnrin tí ó ní òun kò kéré sí ọkùnrin ṣe ẹlẹ́yà. Bí ẹ bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa léèrè, ẹ óò gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Àárò a máa bo àléébù mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ara ènìyàn le, tí eyín rẹ̀ pé, ohun gbogbo ni ó dùn ní ìgbà náà, títí kan èyí tí kò yẹ kí ó dùn.

Ọ̀dọ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, ẹjọ́ náà sì lágbára. Òróki ni orúkọ mìíràn tí a ń pe Òṣogbo, ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ ìlú náà sì ni Hárúnà Ìṣọ̀lá ń kì nínú àwo tí mo dárúkọ. Obey àti Sunny Adé náà kọrin kí àwọn oníṣòwò, àwọn olóyè àti àwọn ẹgbẹ́ olówó, wọ́n sì ń to orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Christopher Waterman, tí ó ṣe ìwé kan jáde lórí orin jùjú ní 1990, fi hàn bí ìyìn àti owó tí a ń lẹ̀ mọ́ ọ̀kọrin níwájú orí ti so mọ́ ara wọn. Kò sì ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Owó tí ó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin wá kì í tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ọ̀kọrin lára tó bẹ́ẹ̀ tí Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I. K. Dairo fi dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀ ní 1969, tí wọ́n pè ní STAR. Ibi ìnáwó, níwájú ẹni tí ó ń ṣe ìnáwó, ni ọ̀kọrin ti ń rí owó tí ó fi ń bọ́ ọmọ. Nítorí náà, àgbà tí ó bá ní a kì í kì olówó ní ìgbà tòun, kò fetí sí orin dáadáa.

Ó kù kí a bi ara wa bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ń ta iṣu, iṣu rẹ̀ kò torí bẹ́ẹ̀ di májèlé. Onílù ń fi ìlù jẹun, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Àwọn baba wa sì wí pé, "Yin ni, yin ni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn." Ẹ kíyè sí òwe yìí. Kò ní kí a yin ẹni nítorí èyí tí ó ti ṣe nìkan. Ojú òwe náà wà ní iwájú, lára èyí tí ẹni náà yóò tún ṣe. Nígbà tí àyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin kan tí ó ń pè é ní baba aláìníbaba, ẹrù ni ó ń gbé kà á lórí. Bí aláìníbaba bá kan ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ni ọkùnrin náà yóò wí? Gbogbo àdúgbò ni ó ti gbọ́ orúkọ tí ó gbà. Ìyìn gidi gbèsè ni fún ẹni tí a yìn.

Oríkì pàápàá kì í ṣe adùn nìkan. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù tí ó sì kọ ìwé lórí oríkì ní 1991, rí i pé oríkì a máa mẹ́nu ba ìjà, ìtìjú àti àléébù ìdílé pẹ̀lú ọlá wọn. Ẹni tí a ń kì mọ̀ pé ẹni tí ń ki òun mọ gbogbo ilé òun.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ènìyàn mẹ́ta ni ó wà nínú ìyìn: ẹni tí ń yin ni, ẹni tí a ń yìn, àti ẹlẹ́rìí. Ní ìlú, ojú àwọn tí ó mọ olówó náà ni a ti ń kì í. Bí onílù bá pe ahun ní ọlọ́làwọ́, àwọn ìyálọ́jà yóò rẹ́rìn-ín, ojú yóò sì ti onílù. Ìlú kan náà tí ó ń yin ni sì ní ọjọ́ tí ó fi ń bú ni. Ní ọjọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, ẹnu kì í ní ìjánu. Ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ Kétu a máa fi orin tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ síta láàrin òru. Ìyìn ní òṣùwọ̀n níbẹ̀, nítorí pé èébú wà nítòsí.

Àwo orin ni ó yọ ẹnì kẹta kúrò. Mo rántí pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkẹ́rẹ́, mo mọ orúkọ àwọn olówó Èkó lórí ju orúkọ àwọn tí ó wà ní òpin àdúgbò wa lọ. N kò fojú kan ọ̀kan nínú wọn rí. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń san owó oṣù àwọn tí ń bá wọn ṣiṣẹ́, tàbí bóyá wọ́n lé opó kan jáde kúrò ní ilé. Bí orúkọ wọn ti bá ìlù mu ni mo mọ̀. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, n kò lè rẹ́rìn-ín sí i, nítorí n kò mọ̀ ọ́n sí irọ́. Bí mo bá tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwo kò ní etí. Orin tí a fi èdè Èkìtì kọ yàtọ̀ díẹ̀. Ìkẹ́rẹ́, Adó àti Ẹmùré ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá dárúkọ ẹnì kan, a óò rí ẹni tí ó mọ ilé onítọ̀hún.

Ẹnì kan lè sọ pé onílù àtijọ́ náà purọ́ fún ọba, àti pé ẹ̀rù kò jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ̀rù a máa pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dákẹ́ mọ ohun tí ó dákẹ́ lé lórí. Bí ọjọ́ bá yí padà, yóò la ẹnu rẹ̀. Irọ́ inú àwo kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n sì ń fi ṣeré fún àwọn ọmọ wọn.

Mo wá rò pé iṣẹ́ wà fún àárò láti ṣe. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Owó ọ̀pọ̀ àwọn tí a kì nígbà náà ti tán; àwọn mìíràn ti kú, wọ́n ti pín ilé wọn. Orin nìkan ni ó kù. Nísinsìnyí tí kò sí ẹni tí ó lè san kọ́bọ̀ lé e mọ́, a lè wọn orin náà wò: ǹjẹ́ ó ṣì ṣeé kọ níwájú àwọn tí ó mọ ẹni náà? Bí orúkọ kan bá jáde, tí arúgbó kan sọ pé, "Òun ni ó rán mi lọ sí ilé-ìwé," owó tí wọ́n san fún orin náà kò bà á jẹ́. Bí orúkọ mìíràn bá jáde tí gbogbo àgbà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn gìtá kò lè tún un ṣe. Kí àgbà má ṣe sọ fún ọmọ pé orin tiwa dùn ju tiyín lọ, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Kí ó sọ ẹni tí ọkùnrin inú orin jẹ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà sì kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Lónìí, orúkọ tí a dá nínú orin ní Èkó a dé Lọ́ńdọ̀nù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó sanwó fún un lè jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó làágùn. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ó fi irọ́ gba owó ìfẹ̀yìntì arúgbó kan ní òkè òkun. Orin kan náà, adùn kan náà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ń jó sí i kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ó lè kọ́ láti bèèrè pé, "Kí ni ẹni yìí ṣe?" Ìbéèrè yìí ni àwọn ìyálọ́jà ìgbàanì ń fi ẹ̀rín wọn bèèrè.

Ìdáhùn mi nìyí: owó kọ́ ni ó ń sọ ìyìn di irọ́. Àìsí ẹlẹ́rìí ni. Ọ̀kọrin tí ó fẹ́ gba owó, kí ó gbà á; ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ rìn dé àdúgbò ẹni tí ó fẹ́ kì. Ẹni tí ó mọ òtítọ́ nípa ẹni tí a kì, kí ó má fi í lọ sí sàréè. Bí ẹ̀yin òǹkàwé bá rò pé mo ṣìnà nínú èyí, ẹ mú kálàmù yín. Ojú ewé ìwé ẹgbẹ́ wa wà fún un.