OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÀWO RẸ
Bíbélì Kíkà: Dáníẹ́lì 1:8-16; Róòmù 14:1-6, 20

Olùfẹ́, ǹjẹ́ ẹni tí kò jẹ ẹran mọ́ sún mọ́ Ọlọ́run ju ẹni tí ń jẹ ẹ́ lọ bí? Rárá o! Ọjọ́ 10 ni Dáníẹ́lì fi ewébẹ̀ àti omi dán ara rẹ̀ wò. Ìwà mímọ́ ni ó ń wá, kì í ṣe ìyìn ènìyàn.

Bí o bá fẹ́ pa ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà tì, fi ọgbọ́n ṣe é. Ẹ̀bà àti ata lásán kò lè gbé ara ró. Ra ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ lọ́jà Ọ̀wọ̀ tàbí Ifọ́n. Bi dókítà léèrè nípa fítámì B12, tí ewébẹ̀ kò ní.

Bí ará ilé rẹ bá ń jẹ ẹran ìgbẹ́, má dá a lẹ́jọ́. Ìwọ tí ń jẹ ẹran, má fi ẹni tí ń jẹ ẹ̀fọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí n torí oúnjẹ ba iṣẹ́ Rẹ jẹ́ nínú ẹlòmíràn, ní orúkọ Jésù. Àmín.